Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ẹsẹ Bíbélì láìsọ ẹni tó sọ ọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbà á lẹ́nu mi.

Ẹsẹ Bíbélì tí ẹ máa ń tẹ̀ sínú àpótí kékeré lójú ìwé ẹ̀sìn dára púpọ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́, kí oòrùn tó yọ ó ti wà lójú fóònù ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú ìwé ìròyìn ló ti wá. Nítorí pé ó ń rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlà méjì péré lábẹ́ rẹ̀: ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ń bá wí, àti ibi tó yẹ kí òǹkàwé ti bẹ̀rẹ̀ kíkà títí dé ibi tó yẹ kó dúró. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Láàárín àwa èèyàn nìyẹn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ inú Ìwé Mímọ́ lè di odindi irọ́ lẹ́nu ẹni tó bá gbé e sáré.

Ẹ wo Jóòbù 22:28. Àìmọye ìpàdé àdúrà ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ yìí kéde: ìwọ yóò gbèrò ohun kan, yóò sì fìdí múlẹ̀ fún ọ, ìmọ́lẹ̀ yóò sì mọ́ sí ọ̀nà rẹ. Ta ló sọ ọ́? Kì í ṣe Ọlọ́run, kì í ṣe wòlíì kankan, kì í sì í ṣe Jóòbù. Élífásì ará Témánì ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó wá bá Jóòbù kẹ́dùn. Ó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní orí 4 àti 5, ó tún sọ̀rọ̀ ní orí 15, nígbà tí a sì fi máa dé orí 22 sùúrù rẹ̀ ti tán pátápátá. Láti ẹsẹ 6 dé ẹsẹ 9, ẹ̀sùn ló ń tò jọ: pé Jóòbù bọ́ aṣọ lára ẹni tí kò ní, pé kò fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi mu, pé ó lé àwọn opó lọ lọ́wọ́ òfo. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Láti orí 1 ẹsẹ 8 ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé kò sí ẹni bíi Jóòbù láyé, olóòótọ́ èèyàn tó dúró ṣinṣin. Orí ẹ̀sùn èké yìí ni Élífásì dúró sí tó fi ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó ronú pìwà dà, pé bó bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tó bá gbèrò á máa ṣẹ.

Ẹ wá ṣí orí 42 ẹsẹ 7. Ọlọ́run dárúkọ Élífásì ní tààràtà, ó ní inú ń bí òun sí i àti sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ti sọ ọ́. Akọ màlúù 7 àti àgbò 7 ni wọ́n fi rúbọ, Jóòbù tí wọ́n ti bà lórúkọ jẹ́ ló sì gbàdúrà fún wọn. Èèyàn lè ké ẹsẹ 28 yẹn fún ogún ọdún kí ó má mọ̀ pé Ọlọ́run bá ẹni tó sọ ọ́ wí.

Ọ̀rọ̀ Bílídádì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà, ní Jóòbù 8:7 kò yàtọ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ kéré, ìgbẹ̀yìn rẹ yóò pọ̀ gidigidi. Ó dùn-ún gbọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára káàdì ọjọ́ ìbí, wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri ibi iṣẹ́. Ẹsẹ mẹ́ta péré sẹ́yìn, ní 8:4, Bílídádì yìí kan náà ń sọ fún bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ náà ló pa wọ́n. Bí ẹni tó ń kọ káàdì bá ka ẹsẹ mẹ́rin yẹn pọ̀, mo rò pé á wá ẹsẹ mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: kì í ṣe gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ló jẹ́ irọ́. Pọ́ọ̀lù mú ọ̀rọ̀ Élífásì láti Jóòbù 5:13 lò ní 1 Kọ́ríńtì 3:19, pé Ọlọ́run ń mú àwọn ọlọ́gbọ́n nínú àrékérekè wọn. Ibi tí ìṣòro wọn wà ni pé wọ́n ń mú òtítọ́ tó wà fún gbogbo èèyàn lẹ èèyàn tí kò bá mu. Ọmọ Ọlọ́run tó bá fẹ́ fi ètò rẹ̀ lé Olúwa lọ́wọ́ ní ẹsẹ tó lè fẹ̀yìn tì láìbẹ̀rù: Òwe 16:3, Òwe 19:21, Sáàmù 37:5. Kó sì fi Jákọ́bù 4:13 sí 15 tì í, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa láti máa ní “bí Olúwa bá fẹ́”.

Ìdí tí mo fi ń dààmú lórí èyí ni pé ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wó. Ẹnì kan á mú ẹsẹ kan, á fi di Ọlọ́run mú, á gbààwẹ̀ lé e, á san ẹ̀jẹ́ lé e. Ohun náà kò ní ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá yá, á sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé Ọlọ́run já òun kulẹ̀, tàbí kó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé ìgbàgbọ́ òun ló kéré. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlérí tó dì mú kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ jẹ́ ìlérí. Aṣáájú ìjọ tó bá ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré fún un ní ẹsẹ mìíràn láti ké. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kí àwọn méjèèjì jọ ṣí orí tí ẹsẹ àkọ́kọ́ ti wá, kí wọ́n kà á tán.

Ó sì yẹ kó jẹ́ ìkìlọ̀ fún wa pé Èṣù náà mọ ẹsẹ àkọ́sórí. Nígbà tó ń dán Jésù wò ní Mátíù 4:6, Sáàmù 91:11 àti 12 ló kà, pé àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e sókè ní ọwọ́ wọn kí ó má bàa fi ẹsẹ̀ gbún òkúta. Ó fo gbólóhùn tó sọ pé wọn yóò pa á mọ́ “ní gbogbo ọ̀nà rẹ̀”. Ó tún dá ọ̀rọ̀ náà dúró kí ó tó kan ẹsẹ 13, níbi tí wọ́n ti ní ẹni Ọlọ́run yóò tẹ kìnnìún àti ejò mọ́lẹ̀. Ẹ wo bí Jésù ṣe dá a lóhùn: Diutarónómì 6:16, ẹ kò gbọdọ̀ dán Olúwa Ọlọ́run yín wò bí ẹ ti dán an wò ní Másà. Ìtàn Másà sì wà ní Ẹ́kísódù 17:1 sí 7, níbi tí àwọn èèyàn ti ń béèrè pé ṣé Olúwa wà láàárín wa àbí kò sí. Ìwé Mímọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì mú lò. Èyí tí Jésù mú wá ní ìtàn lẹ́yìn, a sì lè tọ̀ ọ́ dé orísun rẹ̀.

Ohun kan tó ń ran àṣìṣe yìí lọ́wọ́ ni nọ́ńbà tó wà nínú Bíbélì wa. Àwọn tó kọ Ìwé Mímọ́ kò kọ nọ́ńbà kankan sí i. Stephen Langton, olùkọ́ ní Páríìsì tó padà di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Canterbury, ni wọ́n ń ka pípín sí orí tí à ń lò lónìí sí lọ́wọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1200. Nọ́ńbà ẹsẹ inú Májẹ̀mú Tuntun tí à ń lò jáde ní 1551 láti ọwọ́ Robert Estienne, ọ̀gá atẹ̀wé. Iṣẹ́ tó wúlò gan-an ni, nítorí láìsí rẹ̀ wákàtí kan lè kọjá kí gbogbo ìjọ tó jọ rí ibi kan náà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé e sí kì í fi gbogbo ìgbà bá ọ̀rọ̀ mu. Àṣẹ tí Pọ́ọ̀lù pa fún àwọn ọ̀gá ní Kólósè 4:1 ni ìparí ọ̀rọ̀ tó bá àwọn ẹrú sọ ní 3:22 sí 25. 1 Kọ́ríńtì 11:1 ni ìparí orí 10. Ọ̀rọ̀ nípa Ìránṣẹ́ Olúwa tó jìyà, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àìsáyà 53, láti 52:13 ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Bíbélì àtijọ́ tó ń fi ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun tún dá kún un, nítorí ojú á máa rí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó dá dúró. Sáàmù nìkan ló yàtọ̀: orin kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ odindi láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gé Sáàmù sí méjì. Ẹni tó bá ka Sáàmù 46 tán á rí i pé “ẹ dúró jẹ́ẹ́” ní ẹsẹ 10 jáde láàárín ariwo ogun, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣẹ́ ọrun, tó sì ti gé ọ̀kọ̀.

Jeremáyà 29:11 ni mo gbà pé ẹ ti tẹ̀ jù lọ, kò sì yà mí lẹ́nu. Èrò àlàáfíà ni mo rò sí yín, kì í ṣe fún ibi, láti fún yín ní ìgbẹ̀yìn àti ìrètí. Inú lẹ́tà ni gbólóhùn yìí ti wá. Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì pẹ̀lú ọba Jekonáyà, ìyẹn ìkólọ ti ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi. Orí 28 jẹ́ ká mọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbọ́ láyé ìgbà náà: wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti bọ́ àjàgà kúrò lọ́rùn Jeremáyà, ó ṣẹ́ ẹ, ó sì kéde níwájú gbogbo èèyàn pé kí ọdún méjì tó pé, gbogbo ìgbèkùn á padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Hananáyà kú ní oṣù keje ọdún yẹn gan-an.

Lẹ́tà Jeremáyà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ ilé, ẹ máa gbé inú rẹ̀. Ẹ gbin ọgbà, ẹ jẹ èso rẹ̀. Ẹ fẹ́ ìyàwó, ẹ bímọ. Ẹ máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó yín lọ, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ lẹ̀yin náà á ti ní àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ iye ọdún ní ẹsẹ 10: àádọ́rin. Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gbọ́ lẹ́tà yẹn mọ̀ pé òun kò ní í padà. Òun náà wà lára àwọn tí ẹsẹ 11 ń bá wí. Ìtùnú tó wà níbẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí tí à ń fà yọ lọ. Ọlọ́run ń bá ẹni tí ìdáhùn àdúrà rẹ̀ máa ṣojú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń fún un ní iṣẹ́ tó máa ṣe títí di ìgbà yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ẹsẹ 11 láìgbọ́ ẹsẹ 10, ọ̀rọ̀ Hananáyà ló gbà gbọ́ láìmọ̀.

Ti Fílípì 4:13 kò gba àlàyé púpọ̀. “Èmi lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi ẹni tí ń fi agbára fún mi.” Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà. “Ohun gbogbo” tó ń sọ, ó ti to rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ 12: láti yó àti láti wà nínú ebi, láti ní púpọ̀ àti láti ṣaláìní. Àwọn ará Fílípì ló fi ẹ̀bùn rán Ẹpafíródítù sí i, ó ń dúpẹ́, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọkàn òun ti balẹ̀ kí ẹ̀bùn náà tó dé. Ìdánwò, ìdíje àti òwò ni àwa wá ń fi ẹsẹ náà ṣe. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹsẹ 2 nínú orí yẹn kan náà bẹ àwọn obìnrin méjì, Yúódíà àti Síńtíkè, pé kí wọ́n parí aáwọ̀ àárín wọn. N kò tíì rí ẹni tó fi ìyẹn ṣe ẹsẹ àkọ́sórí.

Báwo ni kí èèyàn ṣe máa kà á? Ìwé kékeré ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń dábàá Fílípì fún àwọn tó bá béèrè, torí orí 4 ni, ẹsẹ rẹ̀ kò ju 104 lọ, a sì lè kà á sókè tán láàárín bí ìṣẹ́jú 20. Lọ́jọ́ kìíní, kí ó ka gbogbo rẹ̀ láìdúró, kí ó ka ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má sì fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun. Kò sẹ́ni tó ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìlà kejìlá. Láti ọjọ́ kejì dé ọjọ́ karùn-ún, kí ó máa ka orí kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí ó sì mú bírò àti ìwé sọ́wọ́. Lórí orí kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ tó fi ní láti sọ ọ́, kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kẹfà, kí ó tún gbogbo rẹ̀ kà sókè. Ìgbà yẹn ló wá lè mú ẹsẹ kan tó fẹ́ há sórí, á sì ti mọ ilé ẹsẹ náà àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ọjọ́ keje, kí ó sinmi ìwé kíkà, kí ó lọ gbọ́ ọ láàárín ìjọ.

Nígbà tó bá ń kà á, kí ó máa fi àmì sí àwọn ọ̀rọ̀ tó so gbólóhùn pọ̀: “nítorí náà”, “nítorí pé”, “ṣùgbọ́n”, “kí ó lè”. Àwọn gan-an ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. “Nítorí náà” tó bẹ̀rẹ̀ Róòmù 12 gbé orí 11 lẹ́yìn. Ìwé Éfésù tilẹ̀ ṣe kedere jù ú lọ: nínú orí 3 àkọ́kọ́, nínú èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́, àṣẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà sì ni “ẹ rántí” ní 2:11. Gbogbo ìyókù jẹ́ ohun tí Ọlọ́run ti ṣe. Láti 4:1, “nítorí náà” dé, àṣẹ wá ń tẹ̀ lé àṣẹ: ẹ má purọ́, ẹ má jalè, ẹ dárí jì, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá mú orí 4 sí 6 nìkan á sọ ìgbàgbọ́ di òfin àti ìjìyà, á sì rẹ̀ ẹ́ láìpẹ́. Ẹni tó bá sì ń gbé inú orí 1 sí 3 nìkan á máa yin Ọlọ́run lógo, á sì máa bú aya rẹ̀ nílé.

Àwọn tó fẹ́ ka Bíbélì tán lọ́dún kan, mo kí wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ ìṣirò rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Orí 1,189 ló wà nínú ìwé 66 náà: 929 nínú Májẹ̀mú Láéláé, 260 nínú Májẹ̀mú Tuntun. Orí 3 lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé àti orí 5 lọ́jọ́ Ìsinmi jẹ́ 23 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 sì fún wa ní 1,196, ó kárí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kò sì yí padà: láti Ẹ́kísódù 25, níbi tí àlàyé àgọ́ ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n tún fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kejì ní orí 35 sí 40, tí Léfítíkù wá tẹ̀ lé e pẹ̀lú orí 7 lórí ẹbọ. Àìmọ ohun tí wọ́n ń wá ló ń mú kó sú wọn. Kí wọ́n mú ìbéèrè kan dání wọ ibẹ̀: báwo ni Ọlọ́run mímọ́ ṣe lè máa gbé láàárín àwọn èèyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ère màlúù ní orí 32? Tí wọ́n bá ń fi ìbéèrè yẹn kà á, aṣọ títa àti ẹ̀jẹ̀ ẹbọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀.

Ohun kejì tó ń lé èèyàn sá ni gbèsè. Ẹni tó bá fo ọjọ́ mẹ́rin ti jẹ gbèsè orí 12 ó kéré tán. Ó máa ń gbìyànjú láti san án lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, oorun á gbé e lọ ní orí kẹrin, ìtìjú á dé, á sì pa gbogbo rẹ̀ tì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó má san gbèsè náà rárá. Kó ka ti òní, kó fi èyí tó fò sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Fún ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, Májẹ̀mú Tuntun nìkan tó: orí kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, 260 náà á pé ní ọ̀sẹ̀ 52, ọjọ́ méjì á sì ṣẹ́ kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá pẹ́ lọ́nà. Sáàmù 119 tó ní ẹsẹ 176 máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ń ka Sáàmù ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìpín 22 ló ní, ẹsẹ 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n mú ìpín kan lójúmọ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti fọwọ́ sí gígé Sáàmù, nítorí ẹni tó kọ ọ́ ló gé e bẹ́ẹ̀.

Òwe gba ìlànà tirẹ̀. Láti orí 10 dé 29, ọ̀pọ̀ ẹsẹ ló dá dúró lóòótọ́, kò sì sí aburú nínú mímú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, Òwe 26:4 ní kí a má dá òmùgọ̀ lóhùn gẹ́gẹ́ bí ìwà òmùgọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ 5 ní kí a dá a lóhùn gẹ́gẹ́ bí ìwà òmùgọ̀ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni. Bí ẹ bá tẹ ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ èkejì mọ́ ọn.

Àwọn kan á sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ lè fi ẹsẹ kan ṣoṣo bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 386, nínú ọgbà kan ní Mílánì, Augustine, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù àti olùkọ́ ńlá nínú ìjọ, ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ bọ́ sí Róòmù 13:13 àti 14, ìgbésí ayé rẹ̀ sì yí padà láti ìṣẹ́jú yẹn. Ohun tí wọn kì í fi kún ìtàn náà ni pé ó ti ń ka àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù lójú méjèèjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà ní Ìṣe Àwọn Àpósítélì 8 náà ń ka Àìsáyà lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, Ẹ̀mí Ọlọ́run sì rán ajíhìnrere kan tó ń jẹ́ Fílípì sí i. Ìbéèrè tí ìwẹ̀fà náà bi Fílípì ní ẹsẹ 34 ni mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé yín kọ́: ta ni wòlíì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ni tàbí ẹlòmíràn? Láti ibẹ̀ ni Fílípì ti bẹ̀rẹ̀ tó fi wàásù Jésù fún un.

Ti àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, àti àwọn tí kò mọ̀wé kà, kò le rárá. Etí ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kólósè 4:16 pàṣẹ pé kí wọ́n ka lẹ́tà náà fún ìjọ, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ìjọ Laodíkíà. Ìfihàn 1:3 súre fún ẹni kan tó ń kà á àti fún ọ̀pọ̀ tó ń gbọ́ ọ. Ní Nehemáyà 8, Ẹ́sírà ka ìwé òfin láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, àwọn ọmọ Léfì sì ń ṣàlàyé kí ó lè yé àwọn èèyàn. Ọmọ ilé ìwé kan nínú ilé lè ka orí kan sókè lálẹ́, kí bàbá tàbí ìyá bi ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Kò gba ju ìṣẹ́jú 15 lọ, kò sì dìgbà tí wọ́n bá di oníwàásù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ń dàgbà nínú ẹ̀mí kò gbọdọ̀ fi iye orí tó kà wọ̀n ọ́n. Jákọ́bù 1:22 ti sọ èyí tó yẹ ká fi wọ̀n ọ́n: kí a jẹ́ olùṣe ọ̀rọ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn kíkà, kí ó kọ ohun kan ṣoṣo tí yóò ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ohun náà sì ní orúkọ èèyàn tàbí àkókò nínú. “Màá túbọ̀ nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn” kò ní í ṣẹlẹ̀. “Màá pe àbúrò mi tí a kò bára wa sọ̀rọ̀ láti oṣù méjì, ní aago méje alẹ́”: ìyẹn ni Fílípì 4:2.

Olóòtú wa, ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún hàn. Bí ẹ bá tún máa tẹ Jeremáyà 29:11, ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ báyìí: “Jeremáyà ló kọ ọ́ sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, tí wọ́n máa pẹ́ níbẹ̀ fún 70 ọdún. Ẹ ka 28:1 sí 29:14.” Sábẹ́ Fílípì 4:13: “Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ láti ẹ̀wọ̀n, ó ń dúpẹ́ ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìjọ Fílípì. Ẹ ka 4:10 sí 20.” Bí àyè kò bá sì gbà á, ẹ dín ìwọ̀n lẹ́tà tí ẹ fi ń tẹ ẹsẹ náà kù, ó ti tóbi jù tẹ́lẹ̀. Jóòbù 22:28 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ Élífásì gàdàgbà síbẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi